Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Judi Dench, òṣèré tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1957

Púpọ̀ nínú wa, inú fíìmù James Bond la ti kọ́kọ́ mọ Judi Dench: obìnrin onírun funfun tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, tó jókòó sẹ́yìn tábìlì, tó ń bá amí tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù wí bí ìgbà tí ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Lọ́dún 1995 tí a rí i yẹn, ó ti lo ọdún 38 lórí ìtàgé. Ohun tó jẹ́ kí n kó àwọn ìbéèrè yìí jọ nìyẹn. Lójú tèmi, ìkórè ni fíìmù jẹ́ fún un. Orí ìtàgé ni oko tó ti ro látàárọ̀.

Ta ni Judi Dench?

Òṣèré ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Judith Olivia Dench ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1934 ni wọ́n bí i ní Heworth, àdúgbò kan nílùú York, ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ṣe eré Shakespeare, eré olórin, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n àti fíìmù tí iye wọn kò ṣeé kà tán níbí. Ìjọba fi oyè OBE dá a lọ́lá ní 1970. Ní 1988 ó di Dame, ìyẹn oyè tí wọ́n ń fún obìnrin níbi tí wọ́n bá ti ń pe ọkùnrin ní Sir.

Irú ilé wo ló ti wá?

Ilé tí eré ti ń wọlé tó ń jáde ni. Reginald, bàbá rẹ̀, jẹ́ dókítà, òun ló sì ń tọ́jú àwọn òṣèré tó bá wá ṣiṣẹ́ ní tíátà ìlú York. Olive, ìyá rẹ̀, ọmọ Dublin ni, ní ilẹ̀ Ireland. Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin méjì ni Judi ní: Peter di dókítà bíi bàbá wọn, Jeffery di òṣèré, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹgbẹ́ Royal Shakespeare Company.

Ní 1951, ìlú York jí àwọn eré ìgbàanì kan dìde, èyí tó ń sọ ìtàn Bíbélì láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé títí dé ọjọ́ ìdájọ́. Àwókù ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn tó wà láàárín ìlú ni wọ́n ti ṣe é, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó kópa. Judi, tó ṣì ń lọ sílé ìwé, di áńgẹ́lì. Bàbá rẹ̀ náà kópa, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń bójú tó aṣọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní 1957, Judi ló ṣe Màríà ìyá Jésù. Ẹ ò rí i pé kó tó gba owó lórí eré rárá, gbogbo ilé wọn ti jọ bọ́ sórí pápá.

Ilé ìwé The Mount ló lọ ní York, ilé ìwé àwọn Quaker, àwọn Onígbàgbọ́ tó máa ń jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìsìn títí ẹnì kan yóò fi ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó dara pọ̀ mọ́ wọn níbẹ̀, kò sì kúrò láàárín wọn láti ìgbà náà.

Ṣé òótọ́ ni pé kì í ṣe eré ló kọ́kọ́ fẹ́ ṣe?

Òótọ́ ni. Bí ìtàgé ṣe máa rí ló fẹ́ máa ṣètò: kí ó máa ya àwòrán ilé, ìtẹ́ àti àtẹ̀gùn tí àwọn òṣèré yóò máa gùn. Ó tilẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwòrán ní York nítorí rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ wá mú un lọ sí Stratford, ìlú Shakespeare, láti lọ wo King Lear, èyí tí Michael Redgrave ṣe ọba nínú rẹ̀. Ohun tí Judi ń retí ni pé bí ìran kan bá parí, wọn yóò fa aṣọ ìtàgé, wọn yóò sì pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe mọ̀ ọ́n sí. Wọn kò pààrọ̀ nǹkan kan. Òkúta ńlá kan ló wà láàárín. Bí wọ́n bá yí i síbí, ó di ìtẹ́ ọba. Bí wọ́n bá yí i sọ́hùn-ún, ó di ihò àpáta. Ó ní ibẹ̀ lòun ti mọ̀ pé ọpọlọ òun kò lè ronú débẹ̀ láéláé.

Bó ṣe gba Lọ́ńdọ̀nù lọ nìyẹn, sí Central School of Speech and Drama, tó wà nínú ilé Royal Albert Hall nígbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ni Vanessa Redgrave, ọmọ Michael Redgrave tó wò ní Stratford yẹn gan-an. Judi gba ẹ̀bùn wúrà nígbà tó ń jáde.

Báwo ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí? Ṣé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló fakọ yọ?

Rárá o. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957 ni ẹgbẹ́ Old Vic gbé e jáde nílùú Liverpool. Ophelia nínú Hamlet ni wọ́n fún un, ọmọ ọdún 22 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́! John Neville, tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń ya lù lẹ́nu ọ̀nà tíátà nígbà náà, ló ṣe Hamlet. Nígbà tí eré náà dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn alárìíwísí inú ìwé ìròyìn bẹnu àtẹ́ lù ú. Èyí tó tún dun èèyàn jù ni pé nígbà tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n gba Ophelia lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún Barbara Jefford.

Ẹlòmíràn ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí York. Judi tẹ̀ lé wọn lọ sí Amẹ́ríkà nínú ipa mìíràn, ó sì lo bí ọdún mẹ́rin pẹ̀lú Old Vic, tó ń ṣe èyí tí wọ́n bá fún un, yálà ó tóbi tàbí ó kéré. Ó máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé láti máa wo àwọn àgbà òṣèré bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tí ẹ bá bi mí pé ibo gan-an ló ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ìtàgé yẹn ni màá nawọ́ sí.

Kí ni ìtàn "ìlà H" tí àwọn èèyàn máa ń sọ?

Ní 1960, Franco Zeffirelli wá láti Ítálì, ó gbé Romeo and Juliet kalẹ̀ fún Old Vic. Ó fẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn ṣì gbóná, kì í ṣe àgbàlagbà tó ń fi ohùn dídùn ké ewì. Judi ni Juliet, John Stride sì ni Romeo. Ibì kan wà nínú eré náà tí Juliet ti ń béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀ pé bàbá òun dà, ìyá òun dà. Àwọn òbí Judi wà nínú tíátà lọ́jọ́ kan. Bó ṣe béèrè báyìí ni ohùn bàbá rẹ̀ dún láàárín òǹwòran pé: "Àwa rèé, ọmọ mi, ìlà H!"

Ó ti sọ ìtàn yìí lórí tẹlifíṣọ̀n àìmọye ìgbà, kò sì sú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Mo gbọ́ pé ó ti ṣeré ní Nàìjíríà rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1963, British Council rán ẹgbẹ́ òṣèré Nottingham Playhouse wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n dé Nàìjíríà, wọ́n dé Gánà, wọ́n sì dé Sàró. Macbeth wà lára eré tí wọ́n kó wá, Judi sì ni aya Macbeth, obìnrin tó ti ọkọ rẹ̀ pa ọba. Twelfth Night náà wà níbẹ̀, òun ló sì ṣe Viola, ọmọbìnrin tí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ rì, tó wá múra bí ọkùnrin. John Neville, Hamlet àtijọ́ yẹn, wà pẹ̀lú wọn.

Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó dáa tí a gba òmìnira nígbà náà. Ìwé Shakespeare wà lára ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé girama ń kà fún ìdánwò, nítorí náà iṣẹ́ àjèjì kọ́ ni wọ́n gbé wá. Ọdún yẹn náà ni Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo. Ọba tí wọ́n fi ọ̀bẹ pa lójú oorun àti ọba tí wọ́n ní ó so, nínú ọdún kan náà, nílẹ̀ kan náà! Ó wù mí kí ẹnì kan kọ ìwé lórí ọdún 1963 yẹn nìkan.

Báwo ni òṣèré ṣe ń fi orí ìtàgé jẹun fún ọdún tó tó báyìí? Ṣé ipa kan náà ló ń ṣe lójoojúmọ́ ni?

Ọ̀nà méjì ló wà, Judi sì ti gba méjèèjì. Èkíní ni ti ẹgbẹ́ ńlá bíi Royal Shakespeare Company, tó wọ̀ ní 1961, tàbí National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀, eré bíi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wà lọ́wọ́ òṣèré kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sán ni wọ́n fi ń ṣe ìdánrawò tuntun, alẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó ti délẹ̀. Ẹ wo sáà 1976 ní Stratford: Judi ni aya Macbeth, ó tún ni Beatrice tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ nínú Much Ado About Nothing, ó tún ni Adriana tí kò mọ̀ pé ọkọ òun ní ìbejì nínú The Comedy of Errors. Obìnrin kan náà ni o, orí kan náà tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn sí.

Èkejì ni West End, àdúgbò àwọn tíátà olówó ní Lọ́ńdọ̀nù. Eré kan ṣoṣo ni níbẹ̀, ìgbà mẹ́jọ lọ́sẹ̀: alẹ́ mẹ́fà, ọ̀sán méjì, fún oṣù lórí oṣù. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣì ń wọlé, ẹ ò ní dúró. Ibi tí ohùn ti ń bàjẹ́ nìyẹn fún ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń mí.

Ohùn rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé òtútù ló máa ń mú un ni?

Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ohùn náà há díẹ̀, ó dà bíi pé ó fẹ́ já láàárín gbólóhùn. Nígbà tó ṣe Sally Bowles nínú eré olórin Cabaret ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1968, wọ́n ní àwọn tó ni tíátà lẹ pátákó mọ́ iwájú ilé pé ara Judi Dench kò yá kọ́, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Èwo ni àwọn tó mọ tíátà kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tó ga jù?

Bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn dárúkọ Macbeth ti 1976, èyí tí Trevor Nunn darí, tí Ian McKellen sì jẹ́ Macbeth. Èmi náà fara mọ́ wọn.

Kì í ṣe inú tíátà ńlá Stratford ni wọ́n ti ṣe é. Ahéré onípáànù kan ni, The Other Place lorúkọ rẹ̀, níbi tí òǹwòran kéréje ti ń jókòó sún mọ́ra. Kò sí ààfin, kò sí òkè, kò sí igbó. Wọ́n fa òbìrí kan sílẹ̀, àwọn òṣèré sì jókòó sórí àpótí yí i ká. Bí ìran rẹ bá ti tó, o wọ inú òbìrí. Bó bá tán, o padà sórí àpótí rẹ, o ń wo àwọn yòókù. Aṣọ dúdú ni Judi wọ̀, gèlè dúdú ló sì fi di gbogbo irun rẹ̀ pa, ojú rẹ̀ nìkan ló kù tí èèyàn ń rí. Nínú ìran tí obìnrin náà ti ń rìn lójú oorun, tó ń fọ ọwọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò sí lára rẹ̀, ó fa igbe kan jáde. Igbe náà kò ròkè bíi ti ẹni tí wọ́n lù. Ó bẹ̀rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń gùn, ó ń gùn, títí èèmí rẹ̀ fi tán pátápátá. Wọ́n ya eré náà fún tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹ ṣì lè gbọ́ ọ. Ẹ má gbọ́ ọ lóru.

McKellen sọ pé àlùfáà kan máa ń wá jókòó ní iwájú, tí yóò na àgbélébùú ọwọ́ rẹ̀ sí àwọn òṣèré kí aburú tí wọ́n ń pè má baà lẹ̀ mọ́ wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Títí di òní, èèwọ̀ ni fún òṣèré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti dárúkọ Macbeth nínú tíátà; "eré ará Scotland" ni wọ́n máa ń pè é. Òyìnbó náà ní ohun tí wọn kì í fẹnu kàn.

Ṣé obìnrin kúkúrú bíi tirẹ̀ lè ṣe Cleopatra?

Òun gan-an ló kọ́kọ́ béèrè bẹ́ẹ̀. Judi kò ga rárá, ọmọ ọdún 52 sì ni nígbà tí Peter Hall pè é fún Antony and Cleopatra ní National Theatre ní 1987. Ó sọ fún ọkùnrin náà pé kó tún inú rò, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́nà tí n kò ní tún sọ níbí. Hall kò gbọ́. Anthony Hopkins ni Antony. Judi kò gbìyànjú láti ṣe arẹwà orí pátákó ìpolówó. Ó ṣe obìnrin tí inú rẹ̀ ń yí padà kí o tó ṣẹ́jú, tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, tó ń jowú, tó sì mọ̀ pé ọba lòun. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Olivier lórí rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i nínú Cats?

Eré olórin ni Cats. Ní 1981, wọ́n ti mú un fún Grizabella nínú rẹ̀, ológbò tó ń kọ orin Memory. Nígbà ìdánrawò, iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ já. Ó gbìyànjú àtipadà, kò ṣeé ṣe. Elaine Paige ló bọ́ sípò rẹ̀, orin náà sì fi kún òkìkí ìyẹn. Lọ́dún 2019, nígbà tí wọ́n sọ Cats di fíìmù, Judi ṣe Old Deuteronomy, àgbà ológbò tó jẹ́ pé ọkùnrin ló máa ń ṣe é lórí ìtàgé. Àwọn alárìíwísí fi fíìmù náà ṣẹ̀fẹ̀. Kò jọ pé ó dun òun.

Ta ni ọkọ rẹ̀?

Michael Williams, òṣèré bíi tirẹ̀. Royal Shakespeare Company ló pa wọ́n pọ̀, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní oṣù Kejì ọdún 1971. Wọ́n bí Finty ní 1972, òun náà sì di òṣèré. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni Michael máa ń fi òdòdó rose pupa kan ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Láti 1981 dé 1984, wọ́n jọ ṣe A Fine Romance lórí tẹlifíṣọ̀n, eré apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn méjì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìfẹ́. Àwọn méjèèjì ní orúkọ tí wọ́n fi ń pe Shakespeare nílé: "ẹni tó ń san owó ilé wa." Orúkọ yẹn ni Judi fi sọ ìwé tó ṣe pẹ̀lú Brendan O'Hea ní 2023, níbi tó ti sọ̀rọ̀ lórí gbogbo obìnrin Shakespeare tó ti jẹ́.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa Michael, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2001. Iṣẹ́ ni Judi padà sí. Fíìmù mélòó kan ló ṣe tẹ̀léra lọ́dún yẹn, Iris wà lára wọn, níbi tó ti ṣe òǹkọ̀wé Iris Murdoch tí àrùn ìgbàgbé ń jẹ ọpọlọ rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú ìyẹn nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣì wà lọ́rùn.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó di gbajúmọ̀ nínú fíìmù?

Ó sọ pé nígbà tóun ṣì wà lọ́mọdé nínú iṣẹ́, olùdarí fíìmù kan wo òun tán, ó ní kò sí ohun tó dáa nípa bí ojú òun ṣe rí. Ó kó ọ̀rọ̀ náà mì, ó padà sórí ìtàgé. Ó ń ṣe fíìmù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ jáde ní 1964, ó sì gba ẹ̀bùn BAFTA fún ẹni tuntun tó ṣe dáadáa lórí Four in the Morning ti 1965. Àmọ́ ipa ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un. Àwọn ará Ìlú Ọba mọ̀ ọ́n dáadáa ní tiwọn, pàápàá nítorí As Time Goes By tó ṣe pẹ̀lú Geoffrey Palmer lórí BBC láti 1992.

Lẹ́yìn náà ni James Bond dé. GoldenEye ti 1995 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi obìnrin ṣe M, ọ̀gá àwọn amí. Wọ́n ní Stella Rimington, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí MI5, ni wọ́n wò fi ṣe é. Michael ló rọ̀ ọ́ pé kó gbà á. Ó ní ó wu òun kí òun máa gbé pẹ̀lú obìnrin James Bond. Láti ibẹ̀ dé Skyfall ti 2012, fíìmù méje ni, ó sì tún yọjú fìrí nínú Spectre ní 2015.

Mrs Brown ló wá ṣílẹ̀kùn gan-an, ní 1997. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan rí i, wọ́n gbé e lọ sí ilé sinimá. Judi ni Ọbabìnrin Victoria tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́, àfi ìránṣẹ́ ará Scotland kan tí Billy Connolly ṣe. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar. Ọmọ ọdún 63 ni.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi gba Oscar?

Bẹ́ẹ̀ ni, bíi mẹ́jọ báyìí. Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ló ṣe nínú Shakespeare in Love, John Madden tó darí Mrs Brown ló sì darí rẹ̀. Nígbà tó gba ère náà ní 1999, ó fi ṣàwàdà pé díẹ̀ lára rẹ̀ ló yẹ kóun gbà fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n fi san gbèsè Mrs Brown ni. Ó lè jẹ́. Àmọ́ ẹ tún un wò: ìgbàkígbà tó bá wọlé, kò sí ẹlòmíràn tí ojú ń wò mọ́. Ẹni tó bá ti fi 40 ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú yàrá ló lè ṣe ìyẹn.

Lápapọ̀, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún Oscar. Èyí tó kẹ́yìn ni ti Belfast, fíìmù Kenneth Branagh, nígbà tó ti pé 87. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn nìkan ló gbà á. Ó gba Tony ní Amẹ́ríkà ní 1999 lórí Amy's View. Olivier, tí àwọn ará tíátà Lọ́ńdọ̀nù ń fún ara wọn, ó gba méje lórí ipa tó kó, pẹ̀lú ọ̀kan àkànṣe. Méjì nínú wọn bọ́ sọ́dún kan náà, 1996: ọ̀kan fún eré lásán, ọ̀kan fún eré olórin.

Ṣé òun àti Maggie Smith kì í ṣe ẹnì kan náà?

Rárá, ẹ̀yin èèyàn mi. Maggie Smith ni Ọ̀jọ̀gbọ́n McGonagall nínú Harry Potter. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, oṣù kan náà ni wọ́n bí wọn, ọjọ́ 19 péré ni Judi fi dàgbà jù ú lọ. Wọ́n jọ wà nínú A Room with a View, Ladies in Lavender àti The Best Exotic Marigold Hotel tí wọ́n yà ní Íńdíà. Maggie kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024.

Mo gbọ́ pé kì í ka ìwé eré kó tó gbà á?

Ó sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà ayé Michael, ọkọ rẹ̀ ló máa ń kà á, tí yóò sì sọ ìtàn inú rẹ̀ fún un. Bí olùdarí náà bá jẹ́ ẹni tó fọkàn tán, ó tán.

Ojú rẹ̀ ńkọ́?

Àrùn ojú tí ọjọ́ orí máa ń fà, tó ń jẹ àárín ibi tí èèyàn fi ń ríran, ló ń bá a jà. Ó sọ ọ́ ní gbangba ní 2012. Kò lè ka ìwé eré mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ẹnì kan yóò jókòó tì í, yóò máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, òun yóò máa tún un sọ títí yóò fi wọ orí. Bó ṣe há ipa rẹ̀ nínú The Winter's Tale ní 2015 nìyẹn, ìyẹn ló sì gba Olivier tó kẹ́yìn lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Shakespeare tó ti kọ́ nígbà èwe ní tirẹ̀ kò lọ síbì kankan. Wọ́n gbé e wá sórí ètò tẹlifíṣọ̀n Graham Norton ní 2023, ó sì ka odidi ewì Shakespeare kan láti orí, láìwo ìwé. Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́.

Bí mo bá fẹ́ wo iṣẹ́ rẹ̀, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti James Bond, ẹ ti wo ìyẹn. Ẹ wo Mrs Brown ná. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ wo Notes on a Scandal ti 2006, níbi tó ti ṣe olùkọ́ kan tó ti dàgbà, tí inú rẹ̀ dúdú bí èédú, kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìyá rere nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe. Philomena ti 2013 wà fún ẹni tó bá fẹ́ sunkún: obìnrin Ireland tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni. Ẹni tó bá ní sùúrù fún Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, kó wá Macbeth orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, kó pa iná yàrá, kó sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé ti lọ sùn.